Màámi kì í rántí lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru: ibo ni kí n gbé e sí nínú ilé?

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Màámi kó wá sọ́dọ̀ wa n'Íbàdàn láti Ìsẹ́yìn nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu. Amlodipine ni dókítà kọ fún wọn, ẹyọ kan ṣoṣo lójúmọ́. Ẹyọ kan yìí náà, ìjà ni. Tí mo bá béèrè, wọ́n á ní àwọn ti lò ó. Tí mo bá ka èyí tó kù nínú sáṣẹ́ẹ̀tì, iye rẹ̀ kì í bá ọjọ́ mu.

Ẹ wo ibi tí oògùn ọ̀hún ń gbé: ó wà nínú ọ̀rá dúdú, ọ̀rá wà nínú báàgì, báàgì wà lábẹ́ gèlè nínú wọ́díróòbù, wọ́díróòbù sì ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n máa pè wọ́n láràárọ̀ láti rán wọn létí. Mo ní rárá. Ẹni tó ti ń jí kírun àsùbá láti kékeré láìsí aago lórí, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ máa ní ó ń gbàgbé? Lójú tèmi, bí nǹkan ṣe wà nínú ilé yìí gan-an ló ń bá wa jà. Iyọ̀ náà ńkọ́? Ìgò iyọ̀ wà láàárín tábìlì, ọwọ́ Màámi á ti kàn án kí wọ́n tó tọ́ ọbẹ̀ wò rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tún ilé tò nítorí irú nǹkan báyìí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kì í ṣe ti oògùn nìkan o. Ti owó, ti fóònù, ti ìwé kíkà, gbogbo ẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́.

Nọ́ọ̀sì Bódìjà:

Ẹ kú ìtọ́jú Màámi, Àdùkẹ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún yín.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti oògùn fúnra rẹ̀. Amlodipine kì í tètè kúrò lára. Wọ́n lè lò ó láàárọ̀, wọ́n lè lò ó lálẹ́, kó ṣáà ti jẹ́ àkókò kan náà lójoojúmọ́. Ìyẹn dára fún yín, torí Màámi kò ní láti máa wá oògùn kiri; ẹ lè gbé oògùn lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ẹ wá ohun kan tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ tí wọn kì í fò. Ẹ sì ti dárúkọ rẹ̀: àsùbá. Ibo ni búta àlùwàlá wọn ń gbé? Ibo ni wọ́n ń gbé ẹní ìkírun sí? Ibi tí ọwọ́ wọn bá ti ń kan nǹkan ní ìdájí ni kí oògùn wà.

Ẹ má tú u kúrò nínú sáṣẹ́ẹ̀tì sínú ìgò o. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tí ìmọ́lẹ̀ ń bà jẹ́, nifedipine jẹ́ ọ̀kan, ọ̀rinrin balùwẹ̀ kò sì dára fún oògùn kankan. Tí àwọn ọmọ kékeré bá wà nílé, ẹ gbé e ga ju ọwọ́ wọn lọ. Ohun tí ìyá àgbà ń rí láìwá, ọmọ-ọmọ náà ń rí i.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àfẹnusọ ni. Ní ilé ìwòsàn Massachusetts General ní Boston, dókítà kan tó ń jẹ́ Anne Thorndike àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán irú ẹ̀ wò nínú ilé oúnjẹ tó wà nínú ọgbà wọn. Ọdún 2012 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Wọ́n kọ́kọ́ lẹ àmì pupa, yẹ́lò àti àwọ̀ ewé mọ́ oúnjẹ àti ohun mímu kí àwọn ènìyàn lè mọ èyí tó yẹ lára. Àmì yẹn dín iye ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ń tà kù, ṣùgbọ́n kò mú kí wọ́n ra omi sí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n gbé omi inú ìgò sí ibi tí ojú ń tó nínú fíríìjì, wọ́n tún kó o sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ. Omi tí wọ́n ń tà fi 25.8 nínú 100 gòkè. Àwọn ohun mímu alámì pupa, ìyẹn àwọn tí kò yẹ lára, tún fi 11.4 nínú 100 lọ sílẹ̀ sí i. Wọn ò wàásù fún ẹnikẹ́ni.

Káfíńtà Òṣogbo:

Ọ̀rọ̀ ti wá kan iṣẹ́ mi wàyí. Kóló ni ọ̀gá mi fi kọ́ wa níṣẹ́, torí àjákù pákó ló pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí kò bá mọ kóló, pákó mẹ́fà ni, a kàn án pa yíká, kò ní ìdérí, kò ní àgádágodo. Ihò tínínrín kan ló wà lórí ẹ̀. Owó tí a ká á wọlé, ìka kò lè tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ kówó rẹ, o máa gbé òòlù, gbogbo ilé á sì gbọ́. Ariwo yẹn gan-an ni àgádágodo kóló. Ìyàwó á béèrè, ọmọ á béèrè, aládùúgbò á yọjú lójú wíńdò.

Àwọn oníbàárà òde òní máa ń ní, "Bàbá, ẹ bá wa fi kọ́kọ́rọ́ sí i kí a má baà máa fọ́ ọ." Mo máa ń ṣe é fún wọn, owó ni mo wá, àmọ́ mo máa ń sọ fún wọn pé àpótí ni mo kàn yìí o, kì í ṣe kóló. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ, ọ̀rẹ́ rẹ ń pè ọ́ wá sí òde, ọjọ́ mélòó ni owó yẹn fẹ́ lò níbẹ̀?

Ìyá Àdùkẹ́ ti fi oògùn sínú kóló láìmọ̀. Ohun tí a kò fẹ́ kí ọwọ́ wa máa kàn là ń kàn pa. Èyí tí a fẹ́ máa ṣe, à á ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Ẹ ní kí káfíńtà àdúgbò yín kan ṣẹ́ẹ̀fù kékeré mọ́ ògiri fún un yín, pákó tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì ti tó. Kò pé wákàtí kan.

Mi ò gbà:

Ẹ má bínú o, orúkọ mi ló ń rò mí.

Ẹ ń fi ẹ̀bi ìwà ènìyàn lé wọ́díróòbù lórí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi ń jí lọ oko ní aago márùn-ún ìdájí. Ta ló tún ilé tò fún un? Ta ló kan ṣẹ́ẹ̀fù mọ́ ògiri? Ẹni tó máa lo oògùn á lo oògùn. Ohun tí ó kù ni ìkóra-ẹni-níjàánu, òun la ò sì kọ́ àwọn ọmọ wa mọ́. Ẹ rántí WAI (War Against Indiscipline), ogun tí ìjọba ológun Bùhárí àti Ìdíàgbọn gbé ti ìwà àìníbàáwí. Ìbáwí ló mú kí gbogbo wa tò sórí ìlà ní ìbùdókọ̀ nígbà yẹn, wọn ò gbé tábìlì kankan kúrò níbì kan.

Tíṣà Aké:

Ẹ ṣeun tí ẹ mẹ́nu ba WAI, ọ̀gá mi, ẹ ti bá mi lanà.

Oṣù kẹta ọdún 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìlà títò sì ni apá àkọ́kọ́. Kòbókò sójà ló gbé ìlà yẹn dúró. Oṣù kẹjọ ọdún 1985, ìjọba yẹn lọ. Ìlà ńkọ́? Ó bá wọn lọ! Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà, ojú wíńdò ni wọ́n ń gbà wọ dáńfó.

Wàyí, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọ̀nà Ìkòròdú ní Èkó. Ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2008 ni bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 dé CMS, nǹkan bíi kìlómítà 22. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún ènìyàn mẹ́ta kó tó rí àyè nínú dáńfó, tó bá dé ibùdó BRT, á rọra tò sẹ́yìn ẹni tó bá níwájú. Ara kan náà ni, ìyá kan náà ló bí i. Kí ló yí padà? Wọ́n fi irin pààlà ọ̀nà, ó fẹ̀ mọ ara ẹnì kan. Ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì kí bọ́ọ̀sì tó dé, nítorí náà kò sí pé a ń nawọ́ sí kọ́ńdọ́. Bọ́ọ̀sì mọ ibi tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ máa dúró sí, kò sí pé à ń sá tẹ̀ lé e. Ó sì ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, torí náà gbogbo wa gbà pé òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Mi ò purọ́ fún yín, lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì bá wọ́n, àwọn kan máa ń já ìlà. Ṣùgbọ́n kò sí sójà níbẹ̀, ìlà sì wà títí dòní.

Ti bàbá yín tó ń jí lọ oko. Àkùkọ ń kọ, àwọn ará ilé kejì ń kọjá pẹ̀lú àdá léjìká, wọ́n ń kí i láti ìta, bí oòrùn bá sì mú, iṣẹ́ ò ṣeé ṣe mọ́. Abúlé ti tún ara rẹ̀ tò fún Bàbá kí wọ́n tó bí i. Ẹ gbé bàbá kan náà sí yàrá tó ní AC lókè kẹta ní Lẹ́kí, kò mọ aládùúgbò, kò gbọ́ àkùkọ, tẹlifíṣọ̀n wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ wá wo aago tó máa jí.

Kí n fi èyí tó le jù kún un. Nígbà ogun Vietnam, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún àwọn sójà Amẹ́ríkà tó wà lọ́hùn-ún ni oògùn olóró heroin ti di bárakú fún. Ní 1971 tí wọ́n ń padà wálé, ẹ̀rù ba ìjọba Nixon, wọ́n ní kí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Lee Robins tọpinpin wọn. Nínú àwọn tó ti di ẹrú oògùn yẹn lọ́hùn-ún, nǹkan bí 5 nínú 100 ló padà di ẹrú rẹ̀ láàárín ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n délé. Ẹni tó ń tà á ní ẹnu ọ̀nà àgọ́ kò sí mọ́, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń fà á kò sí, ìró ìbọn kò sí. Tó bá jẹ́ ìwà inú nìkan ni, ṣé inú ọkọ̀ òfuurufú ni gbogbo àwọn yòókù ti yíwà padà?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Peckham:

Tíṣà, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́ inú dáńfó yẹn.

Níbí lọ́dọ̀ wa, ìjọba ti sọ ọ́ di òfin. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2022, àwọn ilé ìtajà ńlá ní England kò gbọdọ̀ to oúnjẹ tí ọ̀rá, iyọ̀ tàbí ṣúgà pọ̀ jù nínú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, sí ìparí ìlà ṣẹ́ẹ̀fù, tàbí sí ibi tí a ti ń sanwó. Ẹni tó bá ti fa ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta lọ́wọ́ lórí ìlà ibi ìsanwó mọ ìdí. Ṣokoléètì wà ní gíga ojú ọmọ gẹ́lẹ́, ìwọ ò sì lè sá kúrò lórí ìlà. Àwọn ilé iṣẹ́ olóúnjẹ ń sanwó kí ọjà wọn lè wà níbi tí ojú ti ń kọ́kọ́ bọ́ sí. Kò sí ẹni tó ń náwó lórí ohun tí kò ṣiṣẹ́.

Tèmi nínú ilé: fóònù kì í sùn ní yàrá. Ìdáná ni ṣájà rẹ̀ wà. Gbogbo ènìyàn ló ní àwáwí kan náà, pé fóònù ló ń jí àwọn, mo bá ra aago lásán tó ń dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Àárọ̀ wá ní ìbàlẹ̀ ọkàn. Mo tún ń fi abọ́ kékeré jẹun, wọ́n ní tí abọ́ bá kéré, oúnjẹ tí a máa jẹ náà á kéré. Ìwádìí ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mi ò gbà:

Ìwádìí wo? Ẹ dúró níbẹ̀.

Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ abọ́ kékeré di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni Brian Wansink ti Yunifásítì Cornell. Ní 2018, Cornell fúnra wọn ní ó hùwà tí kò yẹ lẹ́nu ìwádìí, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA sì fa àpilẹ̀kọ rẹ̀ mẹ́fà yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí mò ń sọ rèé. Ẹnì kan á gbé abọ́, ẹnì kan á gbé tábìlì, wọ́n á sì ní àwọn ti rí oògùn ìwà.

Ẹ tún dá mi lóhùn lórí èyí. Ní 2014 tí Ebola wọlé, gbogbo ilé ìwé, báǹkì àti ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ẹnu ẹ̀rọ sẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Kérésìmesì ò tíì dé tí àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ti di ohun tí wọ́n fi ń pọnmi. Níbo ni ọwọ́ fífọ̀ wà? Korona tún gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì padà wá ní 2020, wọ́n tún gbé e kúrò. Tí àyíká bá ń kọ́ni níwà, ó yẹ kí a ti mọ ọwọ́ fọ̀.

Nọ́ọ̀sì Bódìjà:

Ti abọ́ yẹn, mo gbà fún yín. Ọmọ Ìjẹ̀bú, kò burú tó bá ń ṣiṣẹ́ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ìdánilójú lé e.

Ti bọ́kẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò, ọwọ́ fífọ̀ náà bá a lọ. Ọ̀gá mi, tèmi lẹ ń jẹ́rìí sí yẹn. Mo wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e kúrò gan-an, omi ti tán nínú púpọ̀ nínú wọn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò ní omi, ẹ̀ṣọ́ ilé ni. Ní ìgbèríko Bangladesh, wọ́n ya ẹsẹ̀ sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ṣáláńgá ilé ìwé dé ibi ìfọwọ́, wọ́n kun ọ̀nà náà ní àwọ̀ tó tàn, wọ́n sì ya àtẹ́lẹwọ́ sí ibi ìfọwọ́ náà. Ilé ìwé méjì ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016. Kí wọ́n tó kun ún, 4 nínú 100 ìgbà ni àwọn ọmọ ń fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ó di 74. Ọ̀dà kò ní ẹsẹ̀ tó máa fi padà sí ìdáná. Ibi tí mo ń lọ nìyẹn: tí ẹ bá máa tún ilé tò, ẹ ṣe é lọ́nà tí ẹlòmíràn ò fi ní nílò nǹkan náà fún iṣẹ́ mìíràn.

Àdùkẹ́, iyọ̀. Ìpínlẹ̀ Buenos Aires ní Argentina ní kí wọ́n gbé ìgò iyọ̀ kúrò lórí tábìlì àwọn ilé oúnjẹ ní 2011, kó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ ló máa béèrè. Ẹ̀yin náà gbé e lọ ìdáná. Ṣùgbọ́n ẹ má tan ara yín o. WHO ní iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn kò ju ṣíbí tíì kan tí orí rẹ̀ tẹ́jú. Nínú ìkòkò ọbẹ̀ wa, magí nìkan ti fẹ́ kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ta ló ń se ọbẹ̀ nílé? Ibo ni páálí magí wà? Bó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ẹ gbé e lọ sí ibi tí ẹni tó ń se ọbẹ̀ á ti nàgà kó tó mú un, kí irú, ata rodo àti ewébẹ̀ wá wà nítòsí.

Ìyá Alájọ Gbági:

Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ àjọ ni mò ń ṣe, ìyá mi ló fi lé mi lọ́wọ́. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ ènìyàn. Oníṣọ́ọ̀bù tí mò ń gba àjọ lọ́wọ́ ẹ̀, kò sóhun tó ní kó má gbé owó yẹn lọ báǹkì fúnra ẹ̀. Báǹkì wà ní òdìkejì títì. Kò ní lọ. Èmi ni mo máa dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àkókò tó ti mọ̀ mí mọ́, káàdì lọ́wọ́, oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì ń wò ó. Owó ti jáde kó tó rò ó. Káàdì náà ní àpótí 31, a ń sàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni tèmi. Ohun tí àwọn oníbàárà mi kórìíra jù lọ ni àpótí òfìfo láàárín àwọn tí a ti sàmì sí. Ó máa ń dùn wọ́n ju owó lọ. Mo ti rí ẹni tó yáwó lọ́wọ́ aládùúgbò kí àpótí má baà ṣófo.

Àdùkẹ́, ẹni tó bá ti ṣe ọjà n'Ísẹ́yìn á ti gba káàdì àjọ rí. Ẹ ra ẹyọ kan fún Màámi, kì í wọ́n. Ẹ má kọ iye owó sí i. Kí wọ́n máa sàmì sí àpótí kan tí wọ́n bá ti lo oògùn. Ẹ̀yin náà ò ní máa ka sáṣẹ́ẹ̀tì bí ọlọ́pàá mọ́.

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá:

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ tí kò sí nínú ohun tí mo béèrè.

Mo jókòó ti Màámi lọ́jọ́ Àìkú, mo sọ fún wọn pé a fẹ́ kan ṣẹ́ẹ̀fù kékeré mọ́ ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí omi mímu wà. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá ní, "Kí àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù wá kí mi, kí wọ́n bá oògùn lójú, kí wọ́n lọ wí n'Ísẹ́yìn pé rọpárọsẹ̀ ti fẹ́ mú mi?"

Ọ̀rọ̀ rèé. Nítorí ojú ayé ni ọ̀rá dúdú, nítorí ojú ayé ni báàgì àti kọ́kọ́rọ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tọ́jú oògùn sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i ni, láàárọ̀ tí àwọn ọmọ mi bá sì ti ń wọlé jáde nínú yàrá wọn, wọn kì í fẹ́ ṣí wọ́díróòbù. Tó bá di pé ilé dákẹ́, ọ̀sán ti pọ́n. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ ibi tí nǹkan wà, kò wá sí mi lọ́kàn pé àlejò náà wà nínú àyíká.

A ò kan nǹkan kan mọ́ ògiri pálọ̀. Igun tí wọ́n ti ń kírun nínú yàrá ni a lò. Wọ́n ní ìṣó kan níbẹ̀ tí wọ́n ń fi tẹ̀sùbáà kọ́. Káfíńtà kan àpótí pẹlẹbẹ tó ní ìdérí sí abẹ́ ìṣó náà, ó ga ju ọwọ́ àwọn ọmọ lọ, ẹni tó bá wọlé á rò pé ibi tí wọ́n ń kó tírà sí ni. Oògùn wà nínú rẹ̀, ife omi tó ní ìdérí wà lórí rẹ̀, mo lẹ káàdì àjọ mọ́ inú ìdérí. Bí wọ́n bá ṣe ń fi tẹ̀sùbáà kọ́ lẹ́yìn àsùbá ni ọwọ́ wọn ń kan àpótí. Ìyá Alájọ, ẹ mọ oníbàárà yín o! Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan bírò. Àwọn fúnra wọn ló ń sàmì, wọ́n sì ti bi mí bóyá àwọn lè fi ọjọ́ kan ṣe owó alájọ.

Ti iyọ̀ kò tíì rọrùn. Mo gbé ìgò lọ ìdáná, wọ́n ní ọbẹ̀ mi ti di omi gbígbóná. À ń bá a lọ.

Ìbéèrè mi tó kù: ẹ̀gbọ́n mi ní tó bá ti pé ọjọ́ 21, á ti mọ́ wọn lára, ká wá gbé káàdì kúrò. Ṣé òótọ́ ni?

Tíṣà Aké:

Ẹ má gbé e kúrò. Dókítà kan ní Amẹ́ríkà tó ń tún ojú àti ara ènìyàn ṣe, Maxwell Maltz, ló sọ ní 1960 pé ó máa ń gba àwọn tó tún ojú wọn ṣe tó nǹkan bí ọjọ́ 21, ó kéré tán, kí ojú tuntun tó mọ́ wọn lára. Ẹnu àwọn ènìyàn ló yí i padà di òfin ìwà. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tẹ̀ lé àwọn 96 tó fẹ́ sọ nǹkan kan di àṣà, irú bíi mímu omi lẹ́yìn oúnjẹ. Nínú àwọn tí wọ́n rí ìṣirò tiwọn ṣe dáadáa, ìdajì lo ọjọ́ 66 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí nǹkan náà tó ń wá fúnra rẹ̀. Ọjọ́ 18 ni ti ẹni tó yá jù, ti ẹni tó pẹ́ jù sì ju oṣù mẹ́jọ lọ nínú ìṣirò wọn, ọjọ́ 254. Wọ́n rí i pé ẹni tó fo ọjọ́ kan kò ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, torí náà ẹ má bá Màámi jà lórí àpótí òfìfo kan.

Mi ò gbà:

Ti Màámi yẹn dára, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i, àfìgbà tí ẹ bi wọ́n léèrè lẹ tó mọ ìdí. Ṣẹ́ẹ̀fù pálọ̀ ì bá ti kùnà. Ohun tó wà nínú ọkàn ènìyàn ṣì ni àkọ́kọ́ lójú tèmi.

Káfíńtà Òṣogbo:

Orúkọ rẹ ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀ o, àbúrò.

Akin Ṣàgámù:

Ẹ jọ̀ọ́, Nọ́ọ̀sì, mo ní ìbéèrè, kì í ṣe ti ibi tí oògùn wà. Oògùn tó ń mú ni tọ̀ ni wọ́n fi kún ti bàbá mi. Èkó ni wọ́n ti ń ra ọjà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì ń rìnrìn-àjò, wọn kì í lò ó rárá, torí kò sí ibi tí àgbàlagbà lè tọ̀ sí lójú ọ̀nà tí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ bá dé. Bí wọ́n bá délé, wọ́n á lo méjì pọ̀. Mo ti gbé oògùn sórí tábìlì oúnjẹ wọn, kò yí nǹkan kan padà.

Nọ́ọ̀sì Bódìjà:

Akin, ẹ sọ fún Bàbá pé kí wọ́n má lo méjì pọ̀ mọ́, láti òní. Tí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó lò ó nígbà tó bá rántí lọ́jọ́ yẹn. Tó bá ti kù díẹ̀ kí àsìkò èyí tó kàn pé, kó fi èyí tó kọjá sílẹ̀. Méjì lẹ́ẹ̀kan lè mú kí ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ lójijì, kí òòyì gbé wọn ṣubú.

Bàbá yín ò gbàgbé, nítorí náà tábìlì kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Títì tí kò ní ilé ìtọ̀ ló lé wọn kúrò nídìí oògùn. Wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ni irú oògùn yẹn ń fa ìtọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí a fi sábà máa ń ní kí wọ́n lò ó láàárọ̀. Ẹ kó àwọn ọjọ́ tí wọ́n máa ń rìnrìn-àjò lọ bá dókítà wọn, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ títì fún un gan-an bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yìí. Ó lè sún àkókò rẹ̀ sí ìgbà tí wọ́n bá ti délé lọ́jọ́ ọjà, ó sì lè pààrọ̀ rẹ̀. Kí Bàbá má dá a dúró fúnra wọn kí ẹ tó lọ. Màámi Àdùkẹ́ náà, kí ẹ bi dókítà kí Ràmàdáànì tó wọlé, bóyá ìgbà sààrì tàbí ìṣínu ni wọ́n máa lo tiwọn.